Àjọkẹ́, Kọ́kọ́ To Àtẹ Rẹ Ná

Anthony, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ohun tí o kọ sórí WhatsApp lálẹ́ àná. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìdáhùn níbẹ̀ ni, torí ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ. O ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì wẹ́ẹ̀bù àti dátábéèsì yín ní Akọka, pé PHP àti MySQL ni olùkọ́ fi ṣíde, àti pé àwọn ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní nǹkan ayé àtijọ́ ni, React ni ayé ń lò báyìí. O tún ní ìwọ tí o ka kẹ́mísìrì jáde, tó jẹ́ pé PGD lo gbà kọjá kí wọ́n tó gbà ọ́ sí M.Sc., ó dà bíi pé gbogbo wọn ti lọ jìnnà kí o tó dìde. Fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ jìnnà kankan.

Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, bi wọ́n pé kí ni Wikipedia fi ń ṣiṣẹ́. PHP ni. Wikipedia èdè Yorùbá tí o máa ń yẹ̀ wò, PHP ló ń gbé ojú-ìwé rẹ̀ jáde, MariaDB tó jẹ́ ọmọ ìyá MySQL ló sì ń tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀. Facebook fúnra rẹ̀, PHP àti MySQL ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Rasmus Lerdorf, tí wọ́n bí ní Greenland, ló ṣe PHP. Kò ní in lọ́kàn láti dá èdè kankan sílẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ àwọn tó ń wo ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1995. Ọdún kan náà ni MySQL jáde. Monty Widenius, ará ilẹ̀ Finland, ló fi orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, My, sọ ọ́. Nígbà tí Oracle wá fẹ́ gba MySQL, Monty tún dá òmíràn sílẹ̀, ó fi orúkọ Maria, àbúrò My, sọ ìyẹn náà. Àwa tí a ń pe ṣọ́ọ̀bù ní Ìyá Bọ̀sẹ̀ kò ní bá a jà sí i.

Ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi kọ ojú-ìwé kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti rí wẹ́bùsáìtì tí wọ́n wó ojú rẹ̀ palẹ̀ léraléra tí wọ́n tún un kọ́, àmọ́ tí dátábéèsì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yẹsẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ojú-ìwé tí kò dára, ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi tún un ṣe. Ẹni tó bá to àtẹ inú dátábéèsì rẹ̀ dà rú, tí àwọn oníbàárà sì ti ń kó nǹkan sínú rẹ̀, wàhálà rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Wò ó, ibo lo máa dé ní Èkó tí kò sí àtẹ lábẹ́ rẹ̀? Káàdì Cowry tí o ń gbé lé ẹ̀rọ kí o tó wọ BRT ní ibùdó Anthony, àtẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. BVN tí báńkì gbà lọ́wọ́ wa láti 2014, NIN, JAMB tí o fi wọ yunifásítì, àtẹ ni gbogbo wọn.

Ẹni tó gbé ìlànà àtẹ yìí kalẹ̀ ni Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wa bàálù ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó wá lọ ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní California. Ní 1970 ó tẹ ìwé kan jáde tó ní ẹni tó ń wá ìsọfúnni kò gbọdọ̀ máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa ibi tí kọ̀ǹpútà kó o pamọ́ sí. Kí gbogbo nǹkan wà nínú àtẹ, kí àtẹ ní ìlà àti òpó, kí ohun tó wà nínú àtẹ kan sì lè tọ́ka sí èkejì. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, ní IBM kan náà, gbé èdè kan jáde tí a ó fi máa bi àtẹ ní ìbéèrè. SEQUEL ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di SQL. Boyce kò rí i kó gbilẹ̀, ọdún yẹn gan-an ló kú, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tó máa kọ́kọ́ dà ọ́ láàmú nínú SQL ni pé kò rí bíi PHP rárá. Nínú PHP, ò ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ṣe tibí, tí o bá ṣe é tán kí o ṣe tọ̀hún. Nínú SQL, bí ẹni tó wọ búkà ni wàá ṣe sọ̀rọ̀: àmàlà méjì, ewédú, ṣàkì kan. O ò ní sọ ìkòkò tí wọ́n máa ṣí, o ò sì ní sọ ṣíbí tí wọ́n máa fi bù ú. Ìyẹn kù sọ́wọ́ olóúnjẹ. Àwọn tó ti ń kọ kóòdù kí wọ́n tó dé kíláàsì yìí ni èyí máa ń ṣòro fún jù, torí wọ́n á fẹ́ fi PHP mú ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn kà á, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè ẹyọ kan ṣoṣo ti tó. Ìwọ tí o kò tíì kọ́ ìwà yẹn, ó lè tètè yé ọ jù wọ́n lọ.

Wàyí o, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. O ní o fẹ́ ṣe wẹ́bùsáìtì tí àwọn olóúnjẹ á ti máa ra tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ní Mile 12 láìfẹsẹ̀ tẹ ọjà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọjà náà kò jìnnà sí wa, Kòṣọ́fẹ́ kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n àwòrán tí o fi ránṣẹ́, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ni mo rí níbẹ̀ àti fọ́tò tòmátì tó ń dán. Mi ò rí àtẹ kankan. Pa lapítọ́ọ̀pù yẹn dé. Mú ìwé àti bíírò, kí o wọ BRT lọ sí Mile 12 ní ìdájí, nígbà tí àwọn tírélà láti òkè Ọya bá ń já ẹrù, kí o bẹ obìnrin aláta kan kó jẹ́ kí o jókòó tì í, kí o sì wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Mo ti wo ọ̀kan rí. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni, èèpo rẹ̀ ti já. Ní ojú ewé kan: “Ìyá Bọ̀sẹ̀ Kétu, apẹ̀rẹ̀ 2, ó ku 15,000.” Nísàlẹ̀ rẹ̀: “Ìyá Bọ̀sẹ̀ oníbúkà, ńlá 1, kékeré 1, ó ti san.” Lẹ́yìn náà: “Àlhájà, àlùbọ́sà, àpò 3, ọmọ rẹ̀ ló gbé e.” Ibì kan wà tí ó ti fagi lé ọ̀rọ̀, tó tún kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Obìnrin yẹn mọ gbogbo rẹ̀ lórí, kò nílò ìwé náà, àmọ́ ìwọ nílò rẹ̀. Ohun mélòó ló wà nínú ìlà mẹ́ta yẹn? Ẹni tó rà wà níbẹ̀, ọjà tó rà wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n wà níbẹ̀, títà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, owó tó wọlé àti èyí tó kù sílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bí o bá kó gbogbo wọn sínú àtẹ gbọọrọ kan, orúkọ Ìyá Bọ̀sẹ̀ Kétu á máa wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá rajà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á tẹ̀ lé e káàkiri. Lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà, wàá tún ìlà kan ṣe, wàá gbàgbé òmíràn, obìnrin kan á wá di méjì. Nítorí náà, oníbàárà ní àtẹ tirẹ̀, ọjà ní tirẹ̀, títà ní tirẹ̀. Nínú àtẹ títà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà nìkan ni wàá kọ. Gbogbo ohun tí olùkọ́ yín ń kọ sójú pátákó nípa “normal form” àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹta, ibi tó ń lọ nìyẹn.

Má fi nọ́ńbà fóònù ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ o. Àwọn èèyàn wa ní síìmù méjì, mẹ́ta, ọmọ á sì máa lo ti ìyá. Má sì tọ́jú rẹ̀ bí iye tí wọ́n ń rò pọ̀. Òdo ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wa, òdo tó bá ṣíwájú iye á sì fò lọ. Àti pé INT nínú MySQL kò lè gbà ju 2147483647 lọ. Nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà ju ìyẹn lọ. MySQL ìgbà kan á gé e sí 2147483647 láìpariwo, gbogbo oníbàárà rẹ á wá ní nọ́ńbà kan náà. Ti òde òní á kọ̀ ọ́ ní tirẹ̀, ó kéré tán wàá mọ̀. Ọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà fóònù, kì í ṣe iye. Tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀.

Iye owó ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o dúró tì dáadáa. Iye apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní ìdájí kọ́ ni iye rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí tírélà bá pọ̀ lórí ilẹ̀, ó já wálẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí, ó gbówó lórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ iye sínú àtẹ ọjà, wọ́n á sì jẹ́ kí àtẹ títà lọ máa wò ó níbẹ̀. Ó dùn ún wò títí di ọjọ́ tí wọ́n bá yí iye náà padà, tí gbogbo ohun tí wọ́n ti tà lóṣù tó kọjá yí padà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìṣirò. Ìyá Bọ̀sẹ̀ tí kò jẹ kọ́bọ̀ á wá di ajigbèsè. Iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà, inú ìlà títà ni kó wà, kó má sì kúrò níbẹ̀ láéláé. Àtẹ ọjà lè ní iye òní. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.

Nígbà tí a wà lórí owó: má fi FLOAT tọ́jú rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà kì í lè di ìdá mẹ́wàá kan mú gẹ́lẹ́ lọ́nà yẹn, kọ́bọ̀ á máa sọnù. Lo DECIMAL, tàbí kí o fi kọ́bọ̀ ka gbogbo rẹ̀. Paystack tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, tí Stripe wá rà ní 2020, kọ́bọ̀ náà ni wọ́n ń fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ sí wọn: ₦15,000 á di 1500000.

Ó wá ku orúkọ. Má fipá mú àwọn èèyàn láti kọ orúkọ àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìdílé, torí ní Mile 12 “Ìyá Bọ̀sẹ̀ Kétu” ni orúkọ. Fún un ní òpó kan tó lè gbà á. Lẹ́yìn náà, kọ “Ọ̀ṣun” sínú àtẹ rẹ kí o tún kà á jáde. Bí àmì ìbéèrè bá jáde níbi tí lẹ́tà alámì yẹ kó wà, ohun tó fà á nìyí: kí MySQL tó dé 8.0 ní 2018, latin1 ló ń lò bí o kò bá sọ fún un pé kó lo òmíràn, ètò ábídí àwọn ará Sweden ló sì fi ń tò ó, torí Sweden ni iléeṣẹ́ tó ṣe MySQL ti ṣẹ̀ wá. Kò sí ọ àti ṣ níbẹ̀. Sọ fún un pé utf8mb4 lo fẹ́, kì í ṣe utf8 lásán tí wọ́n gé kúrú. Tún mọ̀ pé ọ̀ tí o rí bí ẹyọ kan lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà: lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Fóònù lè kọ ọ́ báyìí, lapítọ́ọ̀pù á kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, PHP á sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Irinṣẹ́ kan wà nínú PHP tó ń jẹ́ Normalizer. Fi sọ wọ́n di ọ̀kan kí o tó kó wọn pamọ́. Ìwọ̀nba ni àwọn tí wọ́n ń kọ èdè Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa ń rántí èyí, ó sì ń bí mi nínú pé ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kì í rántí.

Èkó sì kún fún àwọn ọmọ Àgùdà tí àwọn baba ńlá wọn ti Brazil padà wá. Ká ní d'Almeida kan fẹ́ ra ata lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìbéèrè SQL bí wọ́n ṣe ń lẹ páálí, àmì kékeré tó tẹ̀ lé d yẹn ni SQL máa kà sí òpin ọ̀rọ̀, ìyókù á di rúdurùdu, ojú-ìwé rẹ á fọ́. Ìyẹn ṣì dára. Ẹni ibi kan á kíyè sí i pé àmì yẹn ń ṣí ilẹ̀kùn, yóò kọ ' OR '1'='1 síbi tó yẹ kó kọ pásíwọ́ọ̀dù sí, bóyá dátábéèsì rẹ á sì jẹ́ kó wọlé, torí 1 kò ní yé jẹ́ 1. Láti 1998 ni wọ́n ti ń kọ̀wé nípa ọgbọ́n yìí, àwọn olè ṣì ń fi í jẹun títí di òní. Oògùn rẹ̀ kò gbówó lórí: nínú PDO ti PHP, lo prepare kí o tó lo execute, kí ìbéèrè dá wà, kí ohun tí oníbàárà kọ náà sì dá wà. Bí o bá ṣe é fún gbogbo ìbéèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́, o ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí o gbàgbé. Pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? password_hash, kò tún sí àlàyé mìíràn. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, kò sì ní bi ọ́ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́.

Rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nígbà tí náírà wọ́n. O wà ní Anthony níbí, o rí bí àwọn èèyàn ṣe ń tò níwájú àwọn oní-POS, owó ti kúrò lákáùǹtì ẹni tó fi ránṣẹ́, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà. Àwọn kan sun ibẹ̀ mọ́jú nítorí ₦2,000. Ohun tí SQL ń pè ní “transaction” wà fún irú èyí: yálà kí ìyọkúrò àti ìwọlé ṣẹlẹ̀ pọ̀, tàbí kí ìkankan nínú wọn má ṣẹlẹ̀. Láàárín START TRANSACTION àti COMMIT, bí ohunkóhun bá yẹ̀, ROLLBACK á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó rọrùn nígbà tí àtẹ méjèèjì bá wà nínú dátábéèsì kan. Ó di ọ̀ràn nígbà tí ọ̀kan bá wà ní báńkì yìí tí èkejì wà ní báńkì yẹn. Jim Gray ló ṣe iṣẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing ní 1998. Ní 2007 ó wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jáde ní San Francisco, wọn ò sì rí i mọ́ títí di òní.

Nínú iṣẹ́ tìrẹ, ibi tí èyí ti máa ká ọ mọ́ ni apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn. Olóúnjẹ méjì tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòdù rẹ kọ́kọ́ bèèrè pé mélòó ló kù, dátábéèsì ní ẹyọ kan, ó dá àwọn méjèèjì lóhùn bẹ́ẹ̀, o sì ta ohun kan fún èèyàn méjì. Má bèèrè tán kí o tó yọ ọ́. Yọ ọ́ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, pé kí UPDATE dín ọ̀kan kù níbi tí iye bá ṣì tó ọ̀kan, kí o wá wò bóyá ìlà kan yí padà. Bí kò bá yí, sọ fún ẹni náà pé ó ti tán. Fi browser méjì dán an wò kí o tó lọ síwájú àwọn olùkọ́, torí ìbéèrè tí èmi máa bi ọ́ nìyẹn bí mo bá wà lórí àga wọn.

Iná tí wọ́n ń mú lọ kò ní jẹ́ kí n dákẹ́ nípa ẹ̀dà ìpamọ́. Láti 2010 ni MySQL ti fi InnoDB ṣe ibi ìtọ́jú tó ń lò, ó sì máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, nítorí náà bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ó máa ń lè tún ara rẹ̀ ṣe. Àmọ́ kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ olè, kò sì lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ. Nairaland tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005, gbogbo Nàìjíríà ló ń kà á. Ní oṣù Kẹfà 2014 àwọn kan já wọ ibi tó wà, wọ́n sì nù ún. Nígbà tó padà dé, ẹ̀dà oṣù Kíní ló bá dé. Fi mysqldump ṣe ẹ̀dà lálaalẹ́, kí ẹ̀dà kan kúrò lórí ẹ̀rọ náà pátápátá, kí o sì máa dá a padà sínú àtẹ òfìfo láti rí i bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá padà rí, àbá lásán ni.

XAMPP tó wà lórí lapítọ́ọ̀pù rẹ kò nílò dátà, nítorí náà má jẹ́ kí owó MTN dá ọ dúró. ChatGPT náà á kọ gbogbo rẹ̀ fún ọ bí o bá ní kó kọ ọ́. Lò ó láti fi bèèrè ohun tí kò yé ọ; bí o bá jẹ́ kó to àtẹ fún ọ, kò tíì rí Mile 12 rí, àtẹ ìlú òyìnbó ló máa tò.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí Sátidé tó dé, ya àwọn àtẹ náà sórí ìwé, fi ọfà hàn bí ọ̀kan ṣe tọ́ka sí èkejì, kí o ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ ìbéèrè mẹ́ta tí obìnrin aláta náà máa fẹ́ bi àtẹ rẹ: ta ló ṣì jẹ mí lówó, apẹ̀rẹ̀ mélòó ló kù, mélòó ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Bí àtẹ rẹ kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú wọn, tún un yà kí o tó fọwọ́ kan kóòdù kankan.

Kí màmá fún mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.